Ṣé kí n jókòó ti ọmọ mi bó bá ń ṣe ẹ̀kọ́ ọtí tí yunifásítì fi ránṣẹ́?

Ìyá Àkọ́bí, Maryland

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 18, ń wọ yunifásítì lóṣù yìí, hòsítẹ́ẹ̀lì ni yóò sì máa gbé. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i pé kó ṣe ẹ̀kọ́ kan nípa ọtí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kó ẹrù wọlé. Bí kò bá ṣe é, wọn ò ní jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ fún sáà kejì. Mo kọ́kọ́ bínú. Mo ní ta ló sọ fún wọn pé ọmọ mi ń mutí? Aládùúgbò mi ló wá là mí lóye pé gbogbo ọmọ tuntun ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí.

Mo ṣí i wò. Ìbéèrè ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́: ìgbà mélòó lo mutí lóṣù tó kọjá, ife mélòó, níbo, pẹ̀lú ta. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí n máa wo ohun tó ń tẹ̀. Ọkọ mi ní kí n fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀. Àbúrò mi ní kí n má gbà. Nílé wa, a kì í mutí. Mọ́ọ̀tì la fi ṣe ìgbéyàwó wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sì ráhùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Ìbejì, Houston

Ẹ gbé àga yín síbẹ̀, mà, ẹ má wojú ẹnikẹ́ni. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bàbá mi ò jókòó tì mí nígbà tí èmi wọ yunifásítì ní Nàìjíríà, ohun tí mo sì fojú rí nídìí agbè ẹmu lọ́dún àkọ́kọ́, kò ṣeé kọ síbí. Ta ló ń san owó ilé ìwé? Ẹni tó ń sanwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń lọ.

Ọdún Kẹta

Ẹ kú ìkàlẹ̀ ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú pé ọmọdé dá sí i. Mo ti ṣe irú rẹ̀, mo sì máa sọ bó ṣe rí. Mo tan fídíò sílẹ̀, mo ń ká aṣọ. Nígbàkigbà tí ìdánwò kékeré bá yọjú, mo máa tẹ ìdáhùn tó bá ti jọ ohun tí àgbàlagbà máa fẹ́ gbọ́. Mo gba 90 nínú 100. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mo bì sínú bàtà ẹni tí a jọ ń gbé yàrá.

Ohun tó wọ̀ mí lára kì í ṣe fídíò yẹn. Ní sáà kejì wọ́n ní kí n ṣe òmíràn, èyí ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó béèrè bí mo ṣe wúwo tó, ọjọ́ tí mo máa ń mu, iye ife àti iye wákàtí. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, nítorí náà mo kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ó wá gbé ojú ewé kan síwájú mi: iye owó tí ọtí ń gbà lọ́wọ́ mi lọ́dún, iye wákàtí tí yóò gba ara mi kí ó tó fọ ti alẹ́ Sátidé kúrò, àti bí mo ṣe mu sí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin yòókù. Mo ti rò pé àárín èrò ni mo wà. Iwájú pátápátá ni mo wà, èrò wà lẹ́yìn. Èmi, ọmọ pásítọ̀!

Mà, ẹ má jókòó tì í. Ká ní màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn, òdo ni mo máa tẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì kí mi kú oríire.

Ìyá Àkọ́bí, Maryland

O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ bà mí lẹ́rù. Ṣé màmá rẹ mọ̀?

Ọdún Kẹta

Wọn ò tíì mọ̀, mà. Ìdí nìyẹn tí orúkọ mi ò fi sí níbí.

Kánsẹ́lọ̀

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, ilé ìwòsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ díẹ̀, torí nǹkan méjì ni ọ̀rọ̀ yín ń dà pọ̀.

Èyí àkọ́kọ́ gùn, ó dà bíi kíláàsì: fídíò, ìtàn, ìbéèrè. AlcoholEdu lorúkọ èyí tí àwọn òbí máa ń gbọ́ jù. Èkejì kúrú, kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ó kàn ń bi ọ́ léèrè ara rẹ, ó sì ń bá ọ ṣírò rẹ̀. eCHECKUP TO GO tí San Diego State University ṣe wà lára irú èyí. Ó jọ pé irú rẹ̀ ni ọmọ wa ṣe nígbà kejì.

Ẹ wo ibi tó ti ṣẹ̀. Ní University of Washington, ní Seattle, Alan Marlatt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ BASICS. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá jókòó pẹ̀lú ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò ní wàásù fún un, wọn ò ní ní kó búra. Wọ́n á gbé nọ́ńbà tirẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n á ní: kí lo rí níbẹ̀? Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ta ni yóò ráyè jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọmọ tuntun? Bí kọ̀ǹpútà ṣe gba iṣẹ́ náà ṣe nìyẹn.

“Àárín èrò ni mo wà” tí ọmọ yìí sọ, ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Láti 1986 ni àwọn olùwádìí méjì, Wesley Perkins àti Alan Berkowitz, ti kọ̀wé pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ẹgbẹ́ wọn fàyè gba ọtí ju bó ṣe rí lọ. Ojú ń rí ẹni tó gun tábìlì ní pátì. Ẹni tó ti sùn láago mẹ́wàá, ta ló rí i? Ọmọ á wá máa sáré lé èrò tí kò sí lójú ọ̀nà. Ìyá Àkọ́bí, bí ọmọ yín kò bá tiẹ̀ fẹnu kan ọtí rí, nọ́ńbà yẹn wúlò fún un, torí yóò rí i pé òun nìkan kọ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín o. Agbára rẹ̀ ò pọ̀, kì í sì í pẹ́ lára. Wọ́n dán AlcoholEdu wò ní ilé ìwé 30 ní Amẹ́ríkà. Ìmutí dín kù ní sáà àkọ́kọ́, àmọ́ nígbà tí sáà kejì dé, kò síyàtọ̀ mọ́. Ní New Zealand, Kypros Kypri àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èyí tó kúrú lọ sí yunifásítì méje. Iye tí wọ́n ń mu ní ìjókòó kan dín díẹ̀, àmọ́ iye ìgbà tí wọ́n ń mu kò yẹ̀. Ní 2015, NIAAA, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ọtí, gbé atọ́nà kan jáde fún àwọn ilé ìwé, CollegeAIM, wọ́n sì to ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bí agbára rẹ̀ ṣe tó àti iye tó ń náni. Wíwulẹ̀ kọ́ ọmọ pé ọtí burú, láìfi nǹkan míì tì í, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kò ṣiṣẹ́. Èyí tó ń ṣírò ti ẹni fún ẹni wà lókè.

Bàbá Ìbejì, Houston

Tó bá jẹ́ pé ó dín díẹ̀ ni, tí kì í sì í pẹ́, kí ni wọ́n ń yọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu sí?

Kánsẹ́lọ̀

Sà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ewu pọ̀ sí jù. Ọmọ ò tíì mọ ẹnikẹ́ni, ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ gba òun, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé níbo lo ti ń bọ̀ lóru yìí. Ohun tó bá lè fà á ní ṣòkòtò fún sáà kan péré, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìjà tèmi ni kí ilé ìwé má rò pé iṣẹ́ ti parí síbẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti 1989 ló ní kí ilé ìwé gíga tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ ní ètò ìdènà ọtí àti oògùn olóró. Àwọn kan kàn ń fi ẹ̀kọ́ yìí dí ojú òfin ni.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Chicago

Fọ́ọ̀mù lẹ̀ ń jiyàn lé. Èmi ń béèrè: ta ló mọ ohun tí fọ́ọ̀mù yẹn ń pè ní ife kan? Bí ìyẹn bá ti wọ́, gbogbo ìṣirò ti wọ́.

Ní Amẹ́ríkà níbí, ife kan ni èyí tí ọtí gidi inú rẹ̀ tó gíráàmù 14. Agolo bíà kan, áùnsì 12, ló tó o. Wáìnì áùnsì 5 tó o. Ọtí líle áùnsì kan àbọ̀ péré ti tó o, ìyẹn tọ́ọ̀tì kan.

Lọ́jọ́ kan mo gbé ife pupa oníke fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, irú èyí tí wọ́n ń kó lọ sí pátì. Mo gbé omi lé e lọ́wọ́, mo ní, “Ṣe bí ẹni ń bu vodka, kó o tó da omi ọsàn lé e.” Ó bù ú. Kò bù ú bí ọ̀jẹun, ó tó ìbú ìka mẹ́ta. Mo dà á sínú ife ìwọ̀n tí mo fi ń po kéèkì: áùnsì mẹ́rin àbọ̀. Ife mẹ́ta ni. Òun sì máa ń kà á sí ọ̀kan. Ó wo ife, ó wò mí, ó ní, “Àǹtí, a jẹ́ pé mẹ́sàn-án ni mo mu lọ́jọ́ ìbí yẹn.” Mi ò fèsì. Mo gbé omi náà, mo dà á sídìí òdòdó.

Ìyá Àkọ́bí, ẹ ṣe ìyẹn pẹ̀lú ọmọ yín kó tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Omi ni, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má wo ohun tó máa tẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ sọ èyí fún un pẹ̀lú, torí mo ti rí i ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Bí ẹnì kan bá sùn tí a jí i tí kò jí, tí mímí rẹ̀ ń falẹ̀ tàbí tó ń dáwọ́ dúró, tí ara rẹ̀ tutù, tó ń bì lójú oorun, kì í ṣe oorun nìyẹn. Lórí àwọ̀ dúdú tiwa, ètè àti èékánná ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ pe 911, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má fi í sílẹ̀. Kọfí ò lè fọ ọtí, omi tútù ò lè fọ ọ́. Nǹkan bí ife kan ni ara ń fọ̀ kúrò ní wákàtí kan, èyí tó ṣì wà nínú ikùn sì ń wọ ẹ̀jẹ̀ lọ bó tilẹ̀ ti sùn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ní òfin tó ń dáàbò bo ọmọ tó pe ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwé náà sì ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wá ti ilé ìwé rẹ̀ kà kó tó wọlé, torí ìbẹ̀rù ìyà ló máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ti ilẹ̀kùn pa, kí wọ́n máa retí pé ara á yá.

Ará Peckham

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ má fi ife yín da ìṣirò wa rú o. Yúnìtì la ń kà ní Britain, yúnìtì kan sì jẹ́ gíráàmù 8. Àwọn dókítà àgbà ìjọba ti sọ láti 2016 pé kí ọkùnrin àti obìnrin má mu ju 14 lọ lọ́sẹ̀. Ìgò wáìnì kan ṣoṣo lè gbà tó mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin rí ìkànnì Amẹ́ríkà kan, ó fi ka ti ọ̀sẹ̀ kan, inú rẹ̀ dùn pé òun ò tiẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó tún un kà ní yúnìtì. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ onífídíò ò lè rìn níbí. Dátà ọmọ á tán kó tó dé ìdajì. AUDIT ni mo máa ń lò, ìbéèrè mẹ́wàá ti Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí bí ẹnì kan ṣe ń mutí sí, orí bébà lásán. Ẹni tó bá gba máàkì 8 sókè, a ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìbéèrè kejì ló máa ń dà mí láàmú, èyí tó ní ife mélòó. Wọ́n á ní, “Sà, sáṣẹ́ẹ̀tì ńkọ́?” Ìyẹn rọrùn, a lè ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Àmọ́ paraga tí ìyá kan bù látinú ìgò tó kún fún egbò àti èèpo igi nítòsí gáréèjì, ta ló mọ bó ṣe le tó? Ìyá náà ò mọ̀. Nítorí náà, mo máa ń ní kí wọ́n kọ iye owó tí wọ́n ná sí i lọ́sẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà. Àwọn tó ń yá owó jẹun á dákẹ́, wọ́n á tún un kà.

Ìyá Àkọ́bí, Maryland

Àga mi ti ń mì o. Ìbéèrè kan kù: ọmọ mi ò tíì pé 21, òfin ò gbà á láyè láti mutí níbí. Bó bá wá kọ ọ́ pé òun ti mu ún rí ńkọ́? Ṣé ilé ìwé á rí i? Ṣé wọ́n á pè mí?

Kánsẹ́lọ̀

Lọ́pọ̀ ibi, ohun tí ilé ìwé ń rí ni pé ó ti ṣe é tán, àti àròpọ̀ ìdáhùn gbogbo ọmọ, láìsí orúkọ. Ṣùgbọ́n kó ka ojú ewé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àṣírí sí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń wà níwájú, ojú ewé tí gbogbo wa ń fò. Ti pípe òbí yàtọ̀: láti 1998 ni òfin ti gba ilé ìwé láyè láti sọ fún òbí bí ọmọ tí kò tíì pé 21 bá rú òfin ọtí. Ó gbà wọ́n láyè ni, kò pọn dandan. Ìyẹn sì jẹ́ fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ìdáhùn inú fọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Iṣẹ́ òbí wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀yìn àga. Rob Turrisi ní yunifásítì Penn State ti ṣèwádìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: kí òbí bá ọmọ sọ̀rọ̀ nígbà ìsinmi, kó tó fi ilé sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni o, kì í ṣe “tó o bá dójú tì mí”. Ẹ bi í pé, “Bí ilẹ̀ bá ṣú sí ọ níbì kan, ta lo máa pè?” Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ibi dídákẹ́ yẹn ló máa ń nira fún wa.

Ọmọ Físà

Ọ̀rọ̀ kékeré fún àwọn tí ọmọ wọn wá láti ilé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́. Bí ọlọ́pàá bá mú un pé ó mutí wakọ̀, wọ́n lè fagi lé físà náà, kódà kí ẹjọ́ tó parí. Kò sí nínú fídíò tí èmi wò, torí àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹnì kan níléèjọsìn ló sọ fún mi.

Bàbá Ìbejì, Houston

Ó dáa. Mo ti gbé àga mi kúrò. Àmọ́ ti ife pupa yẹn, màá ṣe é fún àwọn ìbejì lónìí. Mo dán an wò fúnra mi láàárọ̀ yìí kí wọ́n tó jí. Ẹ má bi mí ní iye tó jẹ́.

Ìyá Àkọ́bí, Maryland

Ẹ̀yin ará, mo ti dé. A ṣe ti omi, ó rẹ́rìn-ín, ó bù ju bó ṣe yẹ lọ bíi ti gbogbo wọn. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó ní kíṣìnì, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà tí mo ti ṣà lọ́sàn-án ni.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó jáde. Ó ṣí fíríìjì, kò mú nǹkan kan, ó tì í. Ó ní, “Mummy, wọ́n bi mí bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí wa tí ọtí ń yọ lẹ́nu. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́, ẹ mọ̀ pé mo máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ohun tí gbogbo wa fẹnu kò sí nìyẹn. Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Mo sọ fún un nípa àwọn ìgò tí ìyá wa bá lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, bó ṣe máa ń fi ewé efinrin wẹnu kó tó wọlé, àti bí bàbá wa ò ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ àìsàn náà. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní òun fẹ́ lọ yí ìdáhùn yẹn padà.

Ó padà wá, ó ní fọ́ọ̀mù ò gbà á mọ́, ó ti wọlé. Kánsẹ́lọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà wà tó lè fi ṣe é lẹ́ẹ̀kejì?

Kánsẹ́lọ̀

Ó wà, mà. Ní ọ̀sẹ̀ tó bá wọlé, kó lọ sí ilé ìwòsàn akẹ́kọ̀ọ́, kó ní òun fẹ́ bá ẹnì kan ṣe BASICS, tàbí ohunkóhun tí wọ́n bá ń pè é níbẹ̀. Kò dìgbà tó bá ṣẹ̀. Kó sọ ti ẹ̀gbọ́n yín fún wọn.